Àwọn Ọmọ Họ́kì Ilé Wa ní Ìlódè

Àbẹ̀kẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Lánàá tí o gbé fóònù rẹ sí mi lójú, tí o ní kí n wo àwọn ọmọ ilé ìwé yín lókè òkun bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá lé nǹkan kiri lórí omi dídì, tí ìwọ fúnra rẹ sì ń lọgun mọ́ fóònù bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé, o rò pé ẹnu máa yà mí. Omi tó dì yẹn ló yà mí lẹ́nu o, torí mi ò mọ ohun tó gbé ọmọ èèyàn dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pá, ti igbe, ti kí ọkàn èèyàn máa sáré tẹ̀lé ọmọ ọlọ́mọ káàkiri pápá, ìyẹn ti wà nílé wa kí ìyá rẹ tó mọ irun ara rẹ̀ dì. O ní kí n sọ ti ìgbà èwe fún ọ. Ìgbà èwe tèmi kò gùn. Obì ni mò ń bó níwájú ìyá mi ní Ilare nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé síléètì lọ sílé ìwé. Agogo ilé ìwé á dún, èmi á máa bó obì. Ìgbà èwe ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ, torí inú rẹ̀ ni èmi náà ti ráyè ṣe ọmọdé díẹ̀.

Ilé tí mò ń wí yìí, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ní Ìlódè, ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ kọjá dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, okùn kànga ni o máa kọ́kọ́ gbọ́ tó ń han lára igi, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí ọkọ mi. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ò yá tó fi ń wúkọ́. Ó ń fi ikọ́ yẹn sọ fún wa pé òun ti jí, kí ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹní yáa dìde. Á gbé àpótí rẹ̀ síwájú ilé, á ti orín bọ ẹnu, ibẹ̀ ni á ti máa ṣàdúrà fún ẹni tó bá ń jáde. Kò sẹ́ni tó ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá lásán. Bó o bá ń lọ oko, àdúrà tìrẹ wà. Bó o bá ń lọ ọjà, tìrẹ wà. Ewúrẹ́ nìkan ni kì í ṣàdúrà fún, torí wọ́n máa ń jẹ aṣọ rẹ̀ lórí okùn. Èèwọ̀ sì kún ọwọ́ rẹ̀. A kì í jókòó sórí odó, a kì í súfèé nínú ilé, ọmọdé kì í jókòó dí ẹnu ọ̀nà, a kì í fi ẹsẹ̀ ti obì tó bá já bọ́ sílẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ mú un ni. Bó o bá bi í léèrè ìdí, á ní, “Ilé tí kò ní èèwọ̀, ọjà ni.” Ọkọ mi ńkọ́? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohunkóhun tí o bá bi í nínú ilé yẹn, ìdáhùn rẹ̀ ni, “Bí Màmá bá ṣe wí.” Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá òjò máa rọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá kí n sá aṣọ. Ó ní bí Màmá bá ṣe wí.

Òun ló ń kó gbàǹja wá láti oko, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ tí mo fi ń tà á fún àwọn Hausa Sábó. Gbàǹja kì í jẹ́ kí ilé sinmi. A ó la apó rẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sómi títí awọ funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀, a ó wá jókòó yí basíà ká, a ó máa bó o, a ó máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, kí a tó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ fún èyí tó dáa. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni, ọwọ́ ò sì pọ̀ nílé wa. Fúnmi, ìyá rẹ, òun nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún mi. Àwọn tó tẹ̀lé e ò dúró. Má kọ ìyẹn gùn. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ilé tó ní ọmọ kan ṣoṣo máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án. Fúnmi á jókòó ti basíà, á máa bá obì sọ̀rọ̀: “Ìwọ ni bàbá, ìwọ ni ìyá, ìwọ, kòkòrò ti jẹ ọ́, ó yá, máa lọ sí ọsibítù.” Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń gbójú sí ibòmíràn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àyè ò gba àwọn ọmọ yunifásítì mọ́ nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ń wá yàrá kiri ìgboro. Ọmọbìnrin méjì yà sọ́dọ̀ wa. Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó rí tín-ínrín bí okùn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ráfátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀ọ̀dẹ̀ á ṣókùnkùn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà dáadáa, inú rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n kọ́ wọn nílé. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù dé gan-an ni ọ̀rọ̀ yí padà, torí ọ̀pá wà nínú ẹrù náà, ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́rọ́ lẹ́nu, wọ́n dì í pọ̀ bí igi ìdáná. Nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn láàárín àwọn ọmọ yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń lé ara wọn kiri tàwọn ti kùmọ̀. Ìyá Àgbà yọ orín lẹ́nu.

“Ìyàwó, kí nìyẹn?”

“Wọ́n ní ọ̀pá eré ni, Màmá.”

“Eré wo ni wọ́n ń fi kùmọ̀ ṣe?”

“Họ́kì ni wọ́n pè é.”

“Họ kí ni?” Ó wo Ráfátù láti òkè délẹ̀. “Kí ni wọ́n fẹ́ họ? Ìkòkò?”

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ kùmọ̀ ló ń pè wọ́n. Kì í pè é lójú wọn o, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ jẹ́jẹ́ náà. Àwọn ọmọ yìí ò bínú. Bó bá di ọ̀sán Sátidé tí wọn ò ní eré, wọ́n á fa àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ basíà, wọ́n á máa bá wa bó obì, Bọ́sẹ̀ á máa to obì lẹ́sẹẹsẹ sórí ilẹ̀ láti fi bí wọ́n ṣe ń dúró ní pápá hàn wá. Èyí tó tóbi jù ni Ráfátù, gólì, tó ń ṣọ́ ilé. “Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n máa ń fi obì ńlá ṣe?” Ráfátù á bi í. Bọ́sẹ̀ á ní, “Ṣé kí n fi ata ṣe ọ́ ni?” Fúnmi á rẹ́rìn-ín títí á fi ṣubú lu apẹ̀rẹ̀. Kò bá obì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti rí èèyàn bá sọ ọ́. Ó gé ẹ̀ka gúáfà kan tó tẹ̀ lẹ́nu, ó ń fi gbá ọsàn dúdú kiri ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn ewúrẹ́. Bí Ráfátù bá sì gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi láti gúnyán, wàá rò pé odó náà ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà á jẹ ẹ́, á tún bu sí i, á ní, “Iyán yìí kúnná. Iṣu tó dáa ni.” Iṣu ló ń yìn. Kò yin ẹni tó gún un rí.

Ráfátù ló ní kí n wá wò wọ́n. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní bí Màmá bá ṣe wí, Màmá sì ń sùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan, mo mú Fúnmi lọ́wọ́, a wọ takisí lọ sínú ọgbà yunifásítì. Mi ò tíì débẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Pápá náà tẹ́jú, wọ́n fi ẹfun la ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì dà sórí rẹ̀ tàwọn ti ọ̀pá. Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí obìnrin tó ń sáré rí. Mo ti rí èyí tó ń sáré torí òjò, mo ti rí èyí tó ń sáré torí pé ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Mi ò tíì rí obìnrin tó ń sáré torí pé ó wù ú. Bọ́sẹ̀ tẹ̀ síwájú, bọ́ọ̀lù funfun kékeré yẹn lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀, ó yà fún ẹni kan, ó yà fún ẹni kejì, ó gbá a, ó wọlé! Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Ohùn kan kàn jáde láti inú mi, mo sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, mi ò tíì pariwo bẹ́ẹ̀ rí, kódà ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Fúnmi ń wò mí. Ó ní, “Màámi, ẹ tún un ṣe.” Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ní eré, a ó ti wà níbẹ̀, kódà bí òjò bá ń wẹ̀ wá.

Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí ni wọ́n wọlé tí ojú Ráfátù ti wú bí ẹ̀kọ tó ru. Bọ́ọ̀lù ló bà á. Líle ni bọ́ọ̀lù náà, ó dà bí òkúta. Bọ́sẹ̀ ń tiro, ọ̀pá rẹ̀ ti kán, ó gbé ààbọ̀ rẹ̀ dání. Wọ́n kí Ìyá Àgbà, kò jẹ́ wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá tán kí ó tó pe ọmọ rẹ̀.

“Àlàó, o rí wọn?”

“Mo rí wọn, Màmá.”

“Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kí oṣù yìí má parí mọ́ àwọn ọmọ kùmọ̀ yẹn nílé yìí.”

Ọkọ mi wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Bí Màmá bá ṣe wí.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun. Eré ni, mo ti fojú mi rí i. Kì í ṣe ìjà.” Mo rò pé ó máa jágbe mọ́ mi. Kò jágbe. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ọmọ mélòó ló wà nílé yìí? Bí àwọn tí wọ́n bá jà bá wá gbẹ̀san níbí, ta ni wọ́n máa bá níwájú ilé tó ń gbá ọsàn kiri?” Mo ti rò pé ìkà ló ń ṣe, àṣé ọmọ kan náà tí mo fi fẹ́ kí wọ́n dúró ni òun náà fi fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo dìde nílẹ̀. Bọ́sẹ̀ àti Ráfátù wá yàrá kiri Ìlódè dé Iremo, wọn ò rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé wọ́n ń lé wọn níbi kan kì í fẹ́ gbà wọ́n. Fúnmi ò jẹun alẹ́. Ó kó àwọn obì tí Bọ́sẹ̀ fi ń ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo bá wọn níbẹ̀ ní òwúrọ̀, obì ńlá Ráfátù wà láàárín wọn.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yẹn, wọ́n ní eré pàtàkì kan pẹ̀lú ilé ìwé mìíràn tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹrù wọn ti wà nínú àpò. Wọ́n fẹ́ lọ ṣeré náà, kí wọ́n bọ̀ wá palẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Ìwọ náà wò ó, ó ń lé wọn lọ, síbẹ̀ kò lè jẹ́ kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà òun kọjá láìṣàdúrà. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é bí ẹni tó ń ju àgbàdo sí adìẹ ẹlòmíràn.

“Ẹ máa lọ. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ.”

Bọ́sẹ̀ ṣe “Àmín,” ẹ̀rín sì jáde mọ́ ọn. Ráfátù fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú àdúrà?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà,” Bọ́sẹ̀ ní. “Àdúrà wa gan-an lẹ gbà yẹn. Nínú eré wa, bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ kan èèyàn lẹ́sẹ̀.”

“Bó bá kàn án ńkọ́?”

“Rẹfurí á fọn fèrè, wọ́n á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa.”

“Ọwọ́ ńkọ́?”

“Ọwọ́ náà ò gbọdọ̀ kàn án. Àfi ti Ráfátù tó ń ṣọ́ ilé.”

“Ọ̀pá nìkan nìyẹn.”

“Ojú ọ̀pá nìkan, mà. Ẹ̀yìn ọ̀pá ò gbọdọ̀ kàn án.”

Ìyá Àgbà yọ orín lẹ́nu. “Kí ẹ wá gbé ọ̀pá yẹn sókè báyìí, kí ẹ fi lu ẹnìkejì yín ńkọ́?”

“Háà!” Ráfátù fọwọ́ bo ẹnu. “Wọ́n á lé èèyàn jáde pátápátá. Bọ́ọ̀lù ló bà mí lójú lọ́jọ́sí, Ìyá Àgbà. Ẹni tó gbá a sunkún jù mí lọ.”

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí itan rẹ̀. “Ẹsẹ̀, èèwọ̀. Ọwọ́, èèwọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀pá, èèwọ̀. Kí wọ́n gbé e lu èèyàn, èèwọ̀.” Ó yíjú sí mi. “Ìyàwó, o mọ̀ pé eré yìí ní èèwọ̀, o ò sọ fún mi?”

“Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fọn fèrè, Màmá. Mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni.”

“Ta ló fi lélẹ̀?”

“Àwọn òyìnbó ni, mà,” Bọ́sẹ̀ ní.

“Òyìnbó náà ní èèwọ̀?” Ó mi orí. “Ìpátá kì í ní èèwọ̀. Ìyàwó, bá mi mú ìró mi tó mọ́ wá. Mo fẹ́ lọ fojú ara mi rí i.”

Ọkọ mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń wé gèlè. Ó ní, “Màmá, níbo?” Ó ní, “Họ́kì.” Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀.

Fúnmi ló ru àpótí Ìyá Àgbà dé ẹ̀bá pápá. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹfun, àwọn ọmọ yunifásítì yí wa ká, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ò wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ ló ń wò. Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù kan ọmọ àlejò kan lẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí, ó nawọ́ sí i: “Èèwọ̀!” Rẹfurí fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ tó yí wa ká wo ara wọn. Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ké e kí fèrè tó dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn ni wọ́n bá a ké e: “Èèwọ̀!” Ó di orin, Àbẹ̀kẹ́. Òkè pápá ń ké e, ìsàlẹ̀ pápá ń ké e, àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ń ké e. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ọ̀kan nínú tiwa náà lẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà tún dìde, “Èèwọ̀!” Fúnmi fà á níró. “Ìyá Àgbà, tiwa ni o!” “Tiwa ńkọ́?” ó ní. “Èèwọ̀ mọ ojú ẹni?” Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tí wọ́n sinmi tí wọ́n padà dé, ọ̀rọ̀ ti ń yí. Ráfátù ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀lù títí eruku fi bò ó, Ìyá Àgbà sì ti gbá orí eékún mi títí ó fi ń ro mí. Ó ti ń ní, “Gba ibẹ̀ yẹn! Gba ibẹ̀ yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú!” Mo wá ṣàkíyèsí pé bí bọ́ọ̀lù bá kan tiwa lẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà á máa wo ẹyẹ lókè. Kò sẹ́ni tó ti gbá a wọlé. Ọjọ́ ti ń rọ̀, rẹfurí ti ń wo aago. Bọ́sẹ̀ gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó wọ àárín wọn lọ, ó ṣubú, ó dìde, ó gbá a. Ó wọlé. Pápá hó. Ìyá Àgbà dì mọ́ mi. Àbẹ̀kẹ́, ó dì mọ́ mi, èmi ìyàwó rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́, ó ń fò lẹ́sẹ̀ kan. Rẹfurí ti nawọ́ sí àárín pápá pé ó wọlé. Bọ́sẹ̀ nìkan ni kò fò. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rìn lọ bá rẹfurí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n fagi lé e. Àwọn àlejò gba bọ́ọ̀lù, ẹnu ṣì ń ya tiwa níbi tí wọ́n dúró sí, àwọn yẹn sáré lọ bá Ráfátù nìkan, wọ́n gbá a wọlé. Fèrè dún, ó parí.

Nígbà tí a délé, mo gbé omi fún Ìyá Àgbà, kò mu. Mo ní nínú ara mi pé ó ti parí, ó ti rí eré náà, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé, wọ́n rìn wọlé bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní, “Ìyá Àgbà, a dúpẹ́ tí ẹ wá. A máa palẹ̀ mọ́ báyìí.”

“Ta ló bi ọ́?”

“Mà?”

“Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè! Rẹfurí bi ọ́?”

“Rárá, mà.”

“Àwọn àlejò bi ọ́?”

“Wọn ò bi mí, mà.”

“Èmi ńkọ́? O gbọ́ ohùn mi? Ojú mi yìí rí i bó ṣe kàn ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí i kí ìwọ gan-an tó mọ̀. Mo dákẹ́! Èmi àgbàlagbà, mo dákẹ́ nítorí rẹ!”

Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà ni. Gbogbo ìgbà tí mò ń sáré, ohùn yín ni mò ń gbọ́, èèwọ̀, èèwọ̀. Nígbà tó kàn mí tí mi ò gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé gbogbo pápá ti gbọ́.”

Ráfátù ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà ti mú ọ̀rọ̀ náà láti gbogbo ìhà, kò rí ibi tó máa gbé e gbà. Ọkọ mi, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí wọ́n wọlé, ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣé kí n bá wọn wá ọkọ̀ tí á kó ẹrù wọn?”

“Kó ẹrù lọ síbo?” Ìyá Àgbà yíjú sí i kíákíá, bí ẹni pé òun ló fagi lé góòlù náà. “Wọ́n jẹ mí ní góòlù kan! Ẹni tó bá jẹ mí ní góòlù, ṣé kí n máa wò ó kó kẹ́rù jáde nílé mi láìsan án?”

Ọkọ mi wò mí. Mo wo òkè àjà kí ó má rí eyín mi. “Bí Màmá bá ṣe wí,” ó ní.

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn àlejò yẹn tún nà wọ́n. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ gboyè, kí ó tó lọ ó fi ọmọ họ́kì mìíràn sí ipò rẹ̀ nínú yàrá náà, Ráfátù náà ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn náà fi ẹlòmíràn sí i. Bí ẹni tuntun bá ti kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà á bi í pé, “Ṣé wọ́n ti sọ gbèsè tó wà lọ́rùn yàrá yìí fún ọ?” Ọmọ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá Àgbà á ní, “Ó dáa. Wọlé, lọ bá ìyàwó mi bó obì.” Bí wọ́n ṣe ń pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ilé wa. Nígbà mìíràn, kí Ọlọ́run forí jì mí, mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún.

Lọ́dún tí àwọn ọmọ wa wá na àwọn àlejò yẹn, góòlù kan ṣoṣo náà ni. Ìyá Àgbà ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ nígbà náà, ìyá rẹ sì ti wọ ilé ìwé gíga tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́bàá ìlà ẹfun. Ọmọ tó gbá a wọlé ò mọ Bọ́sẹ̀ rí, kò mọ Ráfátù rí, yàrá yẹn ló kàn ń gbé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé e láti dì mọ́ ọn, ó sá fún wọn, ó sáré wá sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, èémí ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, “Màmá, ti Ìyá Àgbà nìyẹn o.”

Mo fà á dìde. Mo ní, “A ti rí i gbà.”